Bàbá Tó Lọ sí Bọ́mà Tí Kò Padà: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Orúkọ Rẹ̀, àti Irú Ìrántí Tó Yẹ Ẹ́ Nílé

Òǹkàwé kan tó ń gbé Ìbàdàn kọ̀wé báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi lọ sógun Hítílà láti abúlé wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, Bọ́mà ni wọ́n ní wọ́n kú sí. Oyún wà nínú ìyàwó wọn nígbà tí wọ́n lọ. Ọmọbìnrin tí ìyàwó náà bí ṣì wà láyé, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn fẹ́ mọ ibi tí bàbá àwọn sùn sí kí àwọn náà tó lọ. A ò ní fọ́tò, a ò ní lẹ́tà. Mẹ́dà méjì ló wà nínú àpótí, kò sí orúkọ lára wọn. Ọkùnrin kan ní tí a bá lè san owó díẹ̀, òun á bá wa gba owó Bọ́mà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ bàbá wa. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè rí orúkọ wọn níbì kan? Mùsùlùmí ni wá. Ṣé a lè ṣe sàréè fún wọn nílé nígbà tí kò sí òkú?"

Ìbéèrè pọ̀ nínú lẹ́tà yìí, àmọ́ ti ìyá yẹn ni olórí wọn. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà ná, torí òun ló lè pa yín lára kíákíá. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Kò sí owó kankan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú pa mọ́ de ọmọ-ọmọ àwọn sójà Bọ́mà. Ohun tó tọ́ sí ilé sójà tó kú nígbà náà kò ju owó oṣù tí kò tíì gbà lọ, pẹ̀lú owó ìtọ́jú fún opó àti ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń san án, ẹni tó gbà á á sì fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Owó opó kì í kọjá opó, ti ọmọ kékeré sì ń parí nígbà tó bá dàgbà. Ìrànlọ́wọ́ tó kù lónìí ni èyí tí ẹgbẹ́ Royal Commonwealth Ex-Services League, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, ń fún àwọn sójà ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣì wà láyé àti àwọn opó wọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Nigerian Legion ni ẹgbẹ́ tí ẹ lè bi léèrè nípa rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ sójà kò sí nínú rẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ-ọmọ. Ẹni tó bá ń bèèrè owó fọ́ọ̀mù, owó lọ́yà tàbí owó "àtìlẹ́yìn ní Lọ́ńdọ̀nù" ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Wíwá orúkọ sójà tó kú, ọ̀fẹ́ ni.

Ó kan ogun fúnra rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wa máa ń da ogun méjì pọ̀. Ogun Jámánì ni ti 1914 sí 1918: Kamẹrúùnù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ nínú rẹ̀, àwọn aláàárù tó bá wọn lọ sì pọ̀. Ogun Hítílà ni ti 1939 sí 1945: Abisínì ni wọ́n kọ́kọ́ jà sí ní 1941, Bọ́mà ló tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, torí àkọsílẹ̀ ogun kìíní kò rí bíi ti ìkejì. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun, Commonwealth War Graves Commission, fúnra wọn gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, tí wọ́n kú nínú ogun kìíní, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣe ìrántí kankan fún. Àwọn ará Áfíríkà àti Íńdíà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn aláàárù ni wọ́n sì fojú wọn gbolẹ̀ jù. Ká ní ogun lùkúlùkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ni àwọn àgbà ilé yín fi ń ṣírò ọjọ́ lílọ bàbá yìí, n bá sọ pé kí ẹ má retí ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́gọ́rin ọdún ti bá wa parí ìyẹn. Ogun Hítílà ni, ìrètí sì wà níbẹ̀ dáadáa.

Mẹ́dà tí kò ní orúkọ kò yẹ kó bà yín nínú jẹ́, ẹ̀rí ni. Mẹ́dà ogun kìíní ni wọ́n máa ń kọ nọ́mbà àti orúkọ sójà sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo. Ti ogun kejì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín kò ní orúkọ rárá. Bí wọ́n ṣe fún ọ̀gágun ni wọ́n fún sójà lásán. Ẹ wo àwọn méjèèjì dáadáa. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà aláwọ̀ bàbà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ yí i ká láàárín. Bó bá jẹ́ "The Burma Star", bàbá náà dé agbègbè ogun Bọ́mà lóòótọ́. Bó bá jẹ́ "The 1939–1945 Star", ìyẹn nìkan kò lè sọ ilẹ̀ tó jà sí. Èyí tó rí roboto, tí orí ọba wà lójú kan, tí kìnnìún sì dúró lórí dírágónì olórí méjì lójú kejì, ni War Medal, gbogbo ẹni tó bá ti wọ iṣẹ́ ológun fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ní i. Ẹ má fi Brásò tàbí eérú nù wọ́n, aṣọ gbígbẹ tó. Mẹ́dà aláìlórúkọ kò ju ẹyọ bàbà lọ lọ́wọ́ aláràtúntà, ẹ má tà á.

Dífíṣọ̀n méjì ni wọ́n fi àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá. Dífíṣọ̀n 81, tí àmì rẹ̀ jẹ́ aláǹtakùn, dé Íńdíà ní 1943. Dífíṣọ̀n 82, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n fi gbé ara wọn lágbèélébùú, tẹ̀ lé e ní 1944. Lára ti 81 ni wọ́n ti yọ ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó bá àwọn Chindit, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá, wọnú igbó lẹ́yìn àwọn ará Jàpáànù tí wọ́n ń bá jà ní 1944. Àwọn yòókù gba àfonífojì Kaladan lọ ní Arakan, ẹkùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà tó lé ní àádọ́rin máìlì gba inú òkè kọjá kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, lẹ́yìn ìyẹn orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá lè mọ oṣù tí wọ́n bí ìyá yín, ẹ ó lè fojú bu ìgbà tí bàbá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Mo mọ̀ pé ìwé ọjọ́ ìbí kò sí. Ẹ wá ohun ńlá kan ládùúgbò tí ẹ lè fi ṣírò. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, èyí tó dáa jù ni ìgbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà, ní oṣù Kejìlá 1944. Ṣé wọ́n ti bí ìyá nígbà náà? Ṣé wọ́n ti gbọ́ ikú bàbá kí ọba tó wàjà, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ pé ìròyìn ikú ti dé ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara àwọn tó kọ́kọ́ wọ Kaladan lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ ìjà ìbẹ̀rẹ̀ 1945, nígbà tí wọ́n gba Myohaung tí wọ́n sì jà ní Letmauk. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn ti gba ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn kọjá láìmọye ìgbà: bárékè Mọ́kọ́lá ni wọ́n fi sọ, Letmauk Barracks. Arakan tó wà ní Àpápá àti Myohaung tó wà ní Yábàá náà, Bọ́mà ni wọ́n ti wá.

Wàyí o, orúkọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù. Wọ́n á fi orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá nílé wá a, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní òyìnbó ti pa á rẹ́. Orúkọ tí ológun kọ kì í sábà jẹ́ orúkọ ilé. Akọ̀wé á ní kí ẹni tó ń wọṣẹ́ sọ orúkọ méjì. Èyí tó bá ní ẹyọ kan, wọ́n á fi ìlú rẹ̀ ṣe ìkejì. Rájí tó wá láti Ìsẹ́yìn di "Raji Iseyin", ọmọ rẹ̀ kò sì jẹ́ Ìsẹ́yìn rí láyé rẹ̀. Bí abúlé bá kéré, ìlú ńlá tó wà nítòsí ni wọ́n á kọ, ó lè jẹ́ Ìsẹ́yìn, ó lè jẹ́ Ọ̀yọ́. Ẹ rántí pé àwọn òyìnbó máa ń kọ Ìsẹ́yìn ní "Isehin" láyé ìgbà náà. Èdè Haúsá ni wọ́n sì ń sọ jù nínú iṣẹ́ ológun yẹn, nítorí náà Yésúfù lè di Yusufu, Isufu tàbí Isuhu. Àbúdù lè di Audu. Ṣíttù lè jẹ́ Shittu, Situ tàbí Sitou. Àmì ohùn kò sí, ẹsẹ̀ ọ àti ẹ kò sí, ṣ di s tàbí sh. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi orúkọ agboolé, orúkọ bàbá tàbí orúkọ ọ̀rẹ́ wọṣẹ́ kí wọ́n má bàa wá wọn dé. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ òde òní ń gbàgbé: ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Orúkọ tí ìyá yín gbọ́ lẹ́nu ìyá tiwọn lè jẹ́ àlàjẹ́ tàbí oríkì lásán, kó má sí nínú ìwé kankan. Ẹ bi àwọn àgbà ọkùnrin ilé náà léèrè, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n bá dá sílẹ̀, ìbáà tó mẹ́jọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojú ìwé àjọ Commonwealth War Graves Commission, níbi tí wọ́n ti ń wá àwọn tó kú. Àjọ yìí ló ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn tó kú nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nínú ogun méjèèjì. Ẹ má kọ́kọ́ kọ orúkọ. Ẹ yan ogun kejì, kí ẹ lọ sí àyè tí wọ́n pè ní "additional information", kí ẹ kọ "Iseyin" nìkan síbẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ pé ó ti Ìsẹ́yìn wá ló máa jáde. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú "Isehin", lẹ́yìn náà "Oyo". Ẹ wá kọ àwọn ìlú yìí sí àyè orúkọ ìdílé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó máa dán àwọn orúkọ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yan Myanmar, orúkọ tí wọ́n ń pe Bọ́mà báyìí, fún orílẹ̀-èdè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo Bangladesh àti Íńdíà, torí ọ̀pọ̀ sójà tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó ṣàìsàn ló kú sí ọsibítù ẹ̀yìn ogun. Ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà nínú ibojì ogun Chittagong àti Maynamati. Ẹ wo Nàìjíríà náà, bóyá wọ́n dá a padà pẹ̀lú àìsàn.

Bí orúkọ kan bá jáde, ẹ má tíì hó ìhó ayọ̀. Nọ́mbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA/, àmì ọmọ Nàìjíríà; GC ni ti Gold Coast, SL ni ti Sàró. Ẹ wo ẹgbẹ́ tó wà: kì í ṣe Nigeria Regiment nìkan, ó lè jẹ́ ti àwọn aláàárù tí wọ́n pè ní Auxiliary Group, ti ọsibítù, ti àwọn oníbọ́ǹbù ńlá tàbí ti àwọn awakọ̀. Ìtìjú kò sí nínú jíjẹ́ aláàárù o. Ọ̀tá ń yìnbọn fún wọn bíi ti àwọn tó kù, ẹrù sì wà lórí wọn. Ẹ wo ọjọ́ ikú, kó bá oṣù tí wọ́n bí ìyá yín mu. Ìgbà tí àjọ náà ń kà fún ogun kejì bẹ̀rẹ̀ láti 3 oṣù Kẹsàn-án 1939, ó parí ní 31 oṣù Kejìlá 1947, ohunkóhun tó bá sì pa ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ìgbà náà ni wọ́n ń kà: ìbọn, ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, omi, mọ́tò. Ìjọra orúkọ nìkan kò tó. Rájí pọ̀. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta tó jọra tí ẹ kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju kí ẹ gba bàbá ẹlòmíràn mọ́ra.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ìyá ṣáájú kí wọ́n tó rí ìwé kankan. Sójà kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ìbátan tí wọ́n á ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ wa sì dárúkọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, wọn kò dárúkọ ìyàwó. Nítorí náà ìwé lè sọ pé "ọmọ Lágbájá, ti Ìsẹ́yìn", kó má mẹ́nu kan aya tàbí oyún. Ìyẹn kò sọ pé ìyá kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣú opó náà fún àbúrò bàbá, bó ṣe wọ́pọ̀ nígbà náà, orúkọ àbúrò ni ìyá yín á máa jẹ́ títí di òní, kò sì sí ìwé tó máa tú u. Ẹnu àwọn àgbà ilé ni ẹ̀rí ìyẹn wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n buwọ́ lù ú.

Níbo ló wá sùn sí? N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Láti ìgbà ogun Jámánì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pinnu pé wọn kò ní gbé òkú sójà padà sílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjòyè òyìnbó. Ibi tí ẹni bá ṣubú sí ni wọ́n ń sin ín sí. Ní Kaladan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà inú igbó ni, pẹ̀lú igi kan tí wọ́n kọ orúkọ sí. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ni òjò ńlá ń rọ̀ níbẹ̀. Omi gbé igi lọ, koríko bo ilẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn tó ń wá ibojì kó òkú tí wọ́n rí jọ, wọ́n sì wá kó wọn lọ sí Taukkyan, nǹkan bíi kìlómítà 35 sí àríwá ìlú Yangon, tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀. Ibojì 6,374 ti ogun kejì ló wà níbẹ̀, 867 nínú wọn kò ní orúkọ. Láàárín ọgbà náà ni àwọn òpó gìrìwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí wọn kò rí ibojì wọn sára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà. Bí ìwé bàbá yín bá sọ pé "Taukkyan War Cemetery" pẹ̀lú nọ́mbà ìlà, ibojì rẹ̀ wà lóòótọ́, àwo bàbà kékeré sì wà lórí òkúta rẹ̀. Bó bá sọ pé "Rangoon Memorial, Face" pẹ̀lú nọ́mbà, orúkọ ló wà lára òpó, ara rẹ̀ wà nínú igbó Arakan tàbí kó jẹ́ ọ̀kan nínú 867 yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè yanjú èyí. Àjọ náà kì í hú ibojì nítorí irú rẹ̀. Lílọ síbẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Myanmar ní oṣù Kejì 2021 ni ogun ti ń jà káàkiri ilẹ̀ náà, Arakan sì wà lára ibi tó gbóná jù. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé ìyá ọlọ́gọ́rin ọdún lọ.

Àwọn ará ilé kan máa ń sọ pé bàbá kò kú, pé ó fẹ́ ìyàwó sí Bọ́mà ni. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọta ní àfonífojì Kaladan ní oṣù Kẹta 1944. Wọ́n fi í sílẹ̀ pé ó ti kú. Ìdílé Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló fi òun àti ọmọ Sàró kan pa mọ́ títí di oṣù Kejìlá, ó sì padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó gbé ayé títí di 2012. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ ilé máa wo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò rí mọ́ lẹ́yìn tí ogun parí, àwọn ológun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú, wọ́n á sì fi ọjọ́ kan sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá rí nínú ìwé lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn.

Bí orúkọ kò bá jáde rárá, ọ̀nà kan kù, ó sì sún mọ́ yín. Ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀; ti ẹkùn yín ni èyí tí àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Oyo Prof". Ẹ béèrè ìwé atọ́ka, kí ẹ wá ohun tó jẹ mọ́ gbígba ènìyàn sógun, owó tí sójà ń fi ránṣẹ́ sílé, ohun ìní àwọn sójà tó kú, àti àwọn tó ti ogun dé, láàárín 1940 sí 1950. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, pẹ́ńsùlù àti owó díẹ̀ dání. Ọjọ́ kan kò tó. Ẹ ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ikán ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ lè ṣí fáìlì mẹ́wàá kí ẹ má rí Ìsẹ́yìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó jà ní Bọ́mà wà ní The National Archives lábẹ́ WO 172. Ìyẹn wúlò tí ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ikú, torí á sọ ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ òyìnbó ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti àwa, iye ni wọ́n sábà ń kọ: ọmọ Áfíríkà mẹ́ta kú, méje fara gbọgbẹ́. Bí ẹ bá rí ìwé ayé ìgbà náà tó fi hàn pé wọ́n kọ orúkọ bàbá sódì tàbí pé wọ́n fo ó, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ ibojì ogun. Wọ́n ń ṣàtúnṣe, àmọ́ ìwé ni wọ́n ń fẹ́. Ìtàn ẹnu lásán kì í sábà tó wọn.

Ọ̀rọ̀ sàréè nílé ló kù. Àwọn baba wa kò fi ẹni tó kú sógun sílẹ̀ láìṣe nǹkan. Bí wọn kò bá lè gbé òkú wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wá sin. Ti yín kò sí irun, kò sí èékánná, ọgọ́rin ọdún sì ti kọjá. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má mọ sàréè òfìfo. Lákọ̀ọ́kọ́, nílẹ̀ wa, sàréè bàbá ńlá ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọmọ tí kò mọ̀dí á máa búra pé eegun wà lábẹ́ rẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé irọ́ ni. Òkúta ìrántí lára ògiri agboolé ló dáa jù. Ẹ lo gíránáìtì, má lo mábù: òjò ń jẹ mábù, láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́tà á máa rẹ̀. Fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, gíga 45, nínípọn 3 tó. Kí oníṣẹ́ gbẹ́ lẹ́tà wọlé, kó má kàn fi ọ̀dà kọ ọ́, torí ọ̀dà wúrà ń ṣí kíákíá. Kí ó fi irin tí kì í dípẹtà kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kó má gbára lé sìmẹ́ńtì nìkan. Kí ẹ tó san owó, ẹ gba ìwé tó fẹ́ gbẹ́, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì ohùn ni wọ́n máa ń kọ sódì, òkúta kò sì ṣeé parẹ́. Ẹ kọ "ní ìrántí", ẹ má kọ "níhìn-ín ni ó sùn". Orúkọ ilé rẹ̀ ni kó ṣáájú, kí orúkọ tí ológun kọ àti nọ́mbà NA/ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ ikú àti ibi tí orúkọ rẹ̀ wà ní Bọ́mà. Kí ẹ wá kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ sí i. Òkúta òyìnbó kò ní orúkọ àwọn méjì yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ti ilé fi sàn jù ú lọ.

Ní ti ẹ̀sìn, sàárà àti títọrọ àforíjìn fún òkú kò ní àríyànjiyàn. Kíkírun sí òkú tí kò sí níwájú ẹni ni àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí, pàápàá lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó báyìí, nítorí náà ẹ bi áfáà yín léèrè kí ẹ tó pe ènìyàn jọ. Fún ọjọ́, ẹ lè yan ọjọ́ ikú tó wà nínú ìwé, tàbí kí ẹ bá orílẹ̀-èdè ṣe é ní 15 oṣù Kìíní. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn ológun tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá; lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 15 oṣù Kìíní 1970 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Àwọn èwe rò pé ogun Bìáfírà nìkan ló wà fún, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ti Bọ́mà náà. Ẹ lọ bá àwọn Nigerian Legion ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá, kí ẹ béèrè bí ìyá ṣe lè jókòó láàárín àwọn ìdílé sójà. Ẹ wá àga àti ìbòòji fún wọn, oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré.

Gbogbo èyí lè gba oṣù mẹ́fà, torí náà ẹ má fi ti ìyá kẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé fóònù síwájú wọn, kí ẹ gbà ohùn wọn sílẹ̀, ìwọ̀nba wákàtí kan lóòjọ́, ní àárọ̀ tí ara wọn bá yá. Ẹ má bi wọ́n pé "kí lẹ mọ̀ nípa bàbá yín", wọ́n á ní àwọn kò mọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n nípa ìyá wọn: ta ló mú ìròyìn wá, òru ni tàbí ọ̀sán, ṣé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, ta ló ń bá wọn lọ gbà á, ìgbà wo ló dáwọ́ dúró, sójà wo ló padà dé tó wá kí wọn, oríkì wo ni ìyá wọn fi ń ṣe arò. Orúkọ sójà tó padà dé yẹn níyì púpọ̀, torí ìdílé tiẹ̀ lè ní fọ́tò tí bàbá yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rí nọ́mbà òpó tàbí ti ibojì, ẹ wá fọ́tò Taukkyan sórí fóònù, kí ẹ fi hàn wọ́n pé ibí nìyí. Lẹ́tà ibẹ̀ lè má ní àmì kankan. Ẹ ka orúkọ náà sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.